Ọ̀sẹ̀ Kẹjọ ní Àjà Kẹrin

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jí ní Kúbwà;
kí n tó jí, èébì ti jí.
Ó ti jókòó sọ́nà ọ̀fun bí àlejò òru
tí kò kí onílé.
Mo di etí báàfù mú. Ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé,
omi inú kẹ́ẹ̀gì tutù bí irin.
Olúṣínà ń hanrun. N kò jí i.
Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé láago méjìlá òru,
ṣé èébì ni kí n fi kí i káàárọ̀?

Nínú bọ́ọ̀sì, òórùn ń gun ara wọn lórí:
epo bẹntiróò, súyà àná lọ́wọ́ kọ̀ndọ́,
àdín àgbọn tó ti kan nírun obìnrin iwájú mi.
Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ń bẹ lápò mi,
mò ń fi èékánná họ ọ́ títí dé Bẹ́gà,
mò ń fà á símú bí ìyá àgbà tó ń fín áṣáà.

Àsìkò ètò ìṣúná ni.
Ẹ̀rọ agbéniròkè ti kú láti oṣù kẹsàn-án.
Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin: mo ti kà á.
Níbi ìkejìdínlógójì mo máa ń dúró,
mo máa ń gbé fóònù tí kò dún sétí,
"Ẹn, ẹn, mò ń gbọ́,"
títí ògiri yóò fi padà dúró sójú kan.

Ibà ni mo pè é fún wọn. Ibà kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Gbogbo ọ́fíìsì ti di dókítà:
Ńkólì kọ orúkọ oògùn fún mi,
Ọ̀gá Terfa ní kí n mu dóńgóyárò.
Ìyá mi láti Òmù-Àrán ní,
"Oyún kì í ṣe ọjà, a kì í polówó rẹ̀.
Tó bá yá, á polówó ara rẹ̀."
Ó dáa, Màámi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fi
ohun tí n kò sọ tọrọ àyè?

Lánàá mo fo òdo kan.
Ọ̀gá Terfa bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀:
"Ilé ìwòsàn mélòó lo fẹ́ fi òdo kan yìí tì pa?"
Mo wo ìlà náà. Owó ìtọ́jú aláboyún,
ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, àgọ́ ìlera méjìdínlógún.
Èmi tí mò ń ka owó wọn,
káàdì tèmi kò tíì ní orúkọ lára.
Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ ní Kúbwà,
wọ́n á ti ilẹ̀kùn láago mẹ́wàá,
ìgbà yẹn ni mo máa ń wà níwájú kọ̀ǹpútà,
tí mò ń tutọ́ sínú ife
tí gbogbo wọn rò pé tíì ló wà níbẹ̀.

Ladidi tí ń nulẹ̀ ló bá mi lórí ìkúnlẹ̀ nílé ìyàgbẹ́.
Kò pariwo. "Wata nawa?"
Mo na ìka méjì.
Òun ni ẹni kẹta tó mọ̀, lẹ́yìn Olúṣínà àti Màámi.
Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kúnnú wá nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò,
atalẹ̀ inú rẹ̀ ń ta lahọ́n bí ìbáwí.
Ó ṣí yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí,
ó tẹ́ páálí, ó nàka sí i,
òun fúnra rẹ̀ gbé korobá dí ẹnu ọ̀nà:
"Ilẹ̀ tutù! Ẹ má gba ibí o!"
Ogún ìṣẹ́jú.
N kò sùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá.

Mo dá òdo náà padà sáyè rẹ̀.
Ó rí roboto lójú kọ̀ǹpútà, ó dákẹ́,
àfi bí ẹni pé ìwọ ni mo rí.
Mo kọ̀wé sí ọ̀gá: N óò pẹ́ dé ní Ìṣẹ́gun.
Mo kọ "ẹ jọ̀wọ́," mo pa á rẹ́,
mo tún un kọ. Kí nìdí rẹ̀? N kò kọ ìyẹn.
Mo fi ránṣẹ́.
Èébì tún ti dìde.
Kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ladidi,
"Ilẹ̀ tutù o!"
ilẹ̀ sì gbẹ táútáú.