Gìgísẹ̀ Pákó

Ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ ni mo rà á ní Dùgbẹ̀,
bàtà eléré-ìje, òkìríkà tó mọ́ fínnífínní,
ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò.
Mo wọ̀ ọ́ délé, mo fi ń fò kiri yàrá.
Àfi ìgbà tí mo gbé irin lé èjìká
ní àgbàlá Kóòṣì Láṣebìkan, lẹ́yìn ilé epo ní Mọ́níyà,
tí ẹsẹ̀ mi ń mì bí ẹni dúró sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."
Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí bàtà náà, àtàǹpàkò rì.
"Ṣé orí tìmùtìmù lo fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí?
Agbára tó yẹ kó bá irin lọ sókè,
fóòmù ti jẹ ìdajì rẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.
Gbé e fún ẹni tó ń sáré. Ìwọ ò sá fún nǹkan kan."

Mo bọ́ ọ. Mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì.
Ó tutù. Ilẹ̀ sì dá mi lóhùn.
Fún èyí tí à ń fà láti ilẹ̀ dé itan, ó tó bẹ́ẹ̀:
kò sí alágbàtà láàárín èmi àti ilẹ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lóṣòó pẹ̀lú irin lọ́rùn,
gìgísẹ̀ mi gbéra, àyà mi tẹ̀ síwájú,
ọrùn ẹsẹ̀ mi le gan-an bí ìlẹ̀kùn tí òjò ti pa.
Kóòṣì ní bàtà kan wà, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, kì í tẹ̀.
Ó pe iye tí wọ́n ń tà á. Mo dákẹ́.
Owó ilé wa fún oṣù mẹ́rin ni.

Ìyá mi.
Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un lọ́mọ ọdún mẹ́ta,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ.
Ọdọọdún ni Gàníyù ṣúméékà, nísàlẹ̀ Òkè-Àrẹ̀,
máa ń kan pákó mọ́ ìdí bàtà rẹ̀ kan
kí ilẹ̀ lè bá a dọ́gba.
Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo ní kó má wá pàdé mi ní gééètì mọ́,
mo ní mo ti dàgbà.
Kò-kò-kò pákó yẹn ni mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.
Mi ò tíì sọ èyí fún un títí dòní.

Gàníyù ò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Ó ní kí n dúró lórí bébà, ó fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ mi ká,
ó mú kánfáàsì mi àtijọ́ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ,
ó fá igi ìrókò kó dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú,
ó lù ú ní gọ́ọ̀mù, ó kàn án ní ìṣó.
"Ìyá rẹ, ẹyọ kan. Ìwọ, méjì.
Ẹ ti wá ń pọ̀ sí i."
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló gbà. Ó ní kí n bá òun kí i.

Mo wọ̀ ọ́ gba àdúgbò kọjá, kò-kò-kò.
Àwọn ọmọ ń wo ẹsẹ̀ mi. Kí wọ́n máa wò ó.
Ìlú olókè ni tiwa,
ta ló ń dúró pẹrẹsẹ ní Ìbàdàn?
Lábẹ́ irin, ó dà bí ẹni lóṣòó
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àrẹ̀, tó kọjú sí ìsàlẹ̀:
gìgísẹ̀ jókòó, orúnkún là, àyà dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi wá wò mí.
Ó jókòó lórí garawa ọ̀dà tí kóòṣì rọ kọ̀ǹkéré sí.
Mo lọ sílẹ̀, mo dìde. Mo lọ sílẹ̀, mo dìde.
"Ó tó mélòó?"
"Àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀, Màmá."
Kò wo irin. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.
"Iṣẹ́ Gàníyù nìyẹn," ó ní.
"Máa yẹ ìṣó ẹ̀yìn wò.
Òun ló máa ń kọ́kọ́ yọ."