Lẹ́tà Oṣù Kọkànlá

Yìnyín bo àpótí lẹ́tà Verna Halvorsen ní Dúlúùtù.
Ó fi eyín bọ́ ìbọ̀wọ́, ó kà á:
owó adójútòfò ìlera tún ti gòkè.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ń bẹ̀ ẹ́;
ọ̀kan dín owó, èkejì dín in sí i,
títí àpò wọn fi jò.
Méjì kógbá wọlé.
Àwọn méjì tó kù wojú ara wọn.

"Ìgbì ni, mà," ni ọmọ orí fóònù wí,
"ó ń lọ, ó ń bọ̀."

Verna, ọmọ apẹja, wo adágún.
Ó mọ ìgbì.
Ìgbì a máa dá nǹkan padà:
pákó, bàtà ẹnì kan.

Ó ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó kù.
Mọ́kànlá.