Orúkọ Lára Ògiri

Ilé ọtí ni mo kọ́, n kò kọ́ ilé ìwé.
Ní Kanyama, ní Lusaka, níbi tí òkúta ti ń yọrí nínú ilẹ̀ bí eyín arúgbó,
Ìyá Namukolo wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan:
"Bàbá Mwiinga, kí ni yàrá yìí ń ṣe kí ọ̀mùtí tó dé?"
Mo ní, "Ó ń sùn."
Ó ní, "Ẹ bá mi jí i."

Bí wọ́n ṣe dé nìyẹn, ọmọ mọ́kànlélógójì,
èyí tí ìyá àgbà ń tọ́,
èyí tí ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń tọ́.
Kò sẹ́ni tó sanwó. Wọ́n dojú kéréètì dé, wọ́n fi ṣe àga,
wọ́n ń ka á, é, í nínú òórùn ọtí àná.

Kò sí pátákó. Ògiri mi ni pátákó,
ògiri tí mo ń kọ gbèsè sí:
orúkọ, iye ìgò, ọjọ́ tí onítọ̀hún búra pé òun á san.
Mo kìlọ̀: "Ẹ kọ tiyín sókè. Ẹ má fọwọ́ kan igun yẹn."

Kapembwa ló ń pẹ́ dé jù.
Òkúta ló ń fọ́ kó tó wá;
eruku á fún ìpéǹpéjú rẹ̀ bíi ti àgbàlagbà.
Oṣù mẹ́ta, kò ka nǹkan kan jáde.
Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, òjò ń lu páànù,
gbogbo wọn ń wòkè, òun nìkan ń wo igun mi.
Ó fi ìka tọ̀ ọ́, bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀:
Ka.
Ba.
So.
"Kabaso. Bàbá mi nìyí."

Ìgò mẹ́rin.
Èmi náà wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.
Ojú tì mí. Mo sáré mú àkísà tútù:
"Ọmọ, ó ti tán, mo ti fi jì í."
Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na apá méjèèjì.
"Ẹ má nù ún.
Kò sí ibòmíì tí wọ́n kọ ọ́ sí."

Ìyá Namukolo ò sọ̀rọ̀. Ó fún un ní ṣọ́ọ̀kì.
Lábẹ́ ìgò mẹ́rin ó kọ tirẹ̀,
lẹ́tà kan kọ̀yìn sí àwọn yòókù.

Mo ti kun ilé náà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn.
Àwọn oníbàárà ń bi mí, kí ló dé tí igun kan ò rí ọ̀dà.
Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀dà ló tán.