Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ìsánlú

Bàbá mi mọ jẹnẹrétọ̀ Ìsánlú-Ìsin
bí ìyá ti í mọ ikọ́ ọmọ.
Ó lè wà lórí ẹní, kó ṣì wí pé:
"Ti ilé Olúgbọ́nà nù-un, ọ̀fun rẹ̀ ti dí.
Ti ilé ìlọta kò ní í rí àárọ̀."
Kò ṣì í rí.
Etí ọ̀tún ni ariwo náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀;
ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ni òun fi etí san.

Wọ́n ní Jẹ́bà kò jìnnà.
Odò Ọya ń yí irin níbẹ̀ tọ̀sán tòru,
wáyà rẹ̀ gba orí oko ẹ̀gẹ́ wa kọjá,
ó ń kùn hùn-ùn-ùn bí àlejò tó ń kánjú,
kò yà.
Bó bá ta wá lọ́rẹ wákàtí méjì,
àwọn ọmọdé á hó yèè;
kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ó ti lọ.

Mo rí Nọ́ọ̀sì Sẹlimọ́tù tó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú
lálẹ́ ọjọ́ tí Àwẹ̀ró bí ìbejì.
Ìkejì fẹ́ jáde ni bátìrì kú.
Ẹ̀jẹ̀ àti ọṣẹ ni òkùnkùn náà ń rùn.
Ọmọ náà yè. Mi ò mọ bó ṣe yè.
Oògùn àjẹsára inú fíríìjì ni kò yè.

Èyí ló gbé mi gun òrùlé ọsibítù
pẹ̀lú sípánà bàbá mi lápò
àti àwo dúdú mẹ́jọ tí mo dojú wọn kọ oòrùn,
oòrùn Ìsin, tó ń bá wa sá ẹ̀gẹ́, sá aṣọ,
tó ń lé ewúrẹ́ sábẹ́ ọkọ̀.
Àṣé a ti ń jẹ́ kó máa lọ lófo.

Bàbá dúró nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.
"Oṣù Agẹmọ ńkọ́,
tí òjò á rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin, tí oòrùn ò ní yọjú?"
Mo ní, "Ìgbà yẹn gan-an ni Ọya ń kún ní Jẹ́bà."
"Ọyẹ́ ńkọ́, tí eruku á bo gíláàsì rẹ?"
Mo ní a ó nù ún.
"Bí èkúté bá jẹ wáyà?"
Mi ò rí èsì fún ti èkúté.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mi ò sọ pé kí odò má ṣàn mọ́,
mi ò sọ pé kí bàbá mi sọ irinṣẹ́ nù.
Ṣùgbọ́n ìlú tó gbé gbogbo ara lé òpó kan ṣoṣo,
ìjì ẹyọ kan ló máa bá a pa àtùpà.
Èèpo ìrẹsì Pàtígi tí wọ́n ń dáná sun lásán,
omi Òwu tó ń já lórí àpáta, tí à ń lọ wò bọ̀,
ọ̀nà ọjà ni wọ́n.
Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà rí.

Lánàá, ọyẹ́ jà mọ́jú.
Mo gbé garawa omi, mo gun àkàbà kí Nọ́ọ̀sì tó dé:
àwo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti mọ́ tónítóní.
Ẹnì kan fi àkísà há etí òrùlé,
ó ṣì tutù,
ó ń rùn bẹntiróòlù.