Wọ́n Wá Ka Gílóòbù

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
ọmọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn ilé wa l'Òkèṣà,
káàdì ìjọba ń fì láyà rẹ̀ bí agogo ọrùn àgbò.
Ó ní Fálúyì lorúkọ òun.
Ó ní ìjọba ló rán òun wá ka gílóòbù.

Mo ní, ọmọ mi, wọ́n ti ka orí rí, wọ́n ka igi kòkó,
owó orí ló tẹ̀lé e.
Kí ló máa ń tẹ̀lé gílóòbù?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kí owó iná yín lè dínkù ni."
Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ṣí ìwé.

Mẹ́ta ní pálọ̀. Ọ̀kan ní kọ́rídọ̀.
Ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tàn tọ̀sán tòru
torí súìṣì rẹ̀ ti kú láti ìjẹta ọdún.
Fíríìjì ńkọ́? Ó ti lé lógún ọdún,
ó ń kùn bí arúgbó tí ẹ̀yìn ń dùn.
Fálúyì yọ igba náírà lápò,
ó fi há ẹnu fíríìjì, ó pa ilẹ̀kùn dé,
ó fa owó, owó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.
Ó ní, "Màmá, ibi tówó yìí gbà jáde
ni owó yín ń gbà jáde lójoojúmọ́."
Mi ò rí èsì fọ̀.

Bàbá mi, òṣómàáló ni.
A kó aṣọ àwìn lọ sílé onílé,
bí ọjọ́ owó bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
kò ní jókòó, kò ní nàró, kò ní gbomi mu,
àfi tí owó bá pé.
Owó ìlóṣòó ló kọ́ ilé yìí.
Wá wo ara ògiri wa báyìí:
mítà kékeré lóṣòó síbẹ̀, ó ranjú, ó ń ṣẹ́jú pupa,
òun náà ò ní dìde.
Ọmọ òṣómàáló wá di ẹni tí à ń lóṣòó tì.

Ó wo òkè. Ikán ti jẹ àjà tán,
páánù ti pupa bí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà,
ooru ń rọ̀ lé wa lórí láàárín ọ̀sán.
Ó ní wọn yóò kun ún lẹ́fun, wọn yóò kan àjà tuntun,
oòrùn yóò bá funfun pàdé, yóò ṣẹ́rí padà.
Mo ní, nígbà wo?
Ó ní fọ́ọ̀mù ń lọ sí Òṣogbo.
Áà. Òṣogbo.

Bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, mo nàka sí ilé Ìyá Ìbíwùmí.
Wáyà ò débẹ̀. Fìtílà ni wọ́n ń tàn,
èéfín ti kun ògiri.
Ó ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn:
kò sí ilà fún ẹni tí kò ní iná.
Ta ló ń bá ẹni tí kò jẹun ṣọ́ oúnjẹ lò?
Ó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé.
Mi ò mọ ohun tó kọ.

Wọ́n kó gílóòbù pupa márùn-ún lọ, wọ́n fún wa ní funfun,
wọ́n tún súìṣì ẹnu ọ̀nà ṣe.
Mẹ́fà ni wọ́n o. Mo purọ́.
Èyí tí bàbá àwọn ọmọ mi fi ń máàkì ìwé lóru,
mo ti yọ ọ́, mo wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.
Kí ìjọba má bínú.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo fi ra iná,
tí mítà í máa ké lé lórí lọ́jọ́ kẹtàdínlógún,
lóṣù yìí ó wọ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n.
Ẹfun páánù ò tíì dé. Àjà ò tíì dé.

Lálẹ́ àná mo yọ ọ̀kan nínú mẹ́ta pálọ̀,
mo na wáyà gba orí ọgbà kọjá.
Ìbíwùmí ń ka ìwé rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.
Ẹ sọ fún Fálúyì kó wá kà á.