Wàrà Kì Í Ṣiṣẹ́ Wàràwàrà

Oṣù méje ni Isako fi dákẹ́.
Ó ti Nairóbì dé pẹ̀lú báàgì kan,
bàtà ọdẹ tó ti lanu,
tọ́ọ̀ṣì tí kò ní bátìrì.
A kí i káàbọ̀, ó mi orí.
A pa ewúrẹ́ fún un, ó ń wo ẹran náà
bí ẹni ń wo lẹ́tà tí wọn kò kọ sí òun.

Ní Kalacha tiwa, létí aṣálẹ̀ Chalbi,
níbi tí iyọ̀ ti ń funfun lórí ilẹ̀
bí ètè ọmọ tó sùn lọ lẹ́nu ọmú,
ẹ̀rín kì í wọ́n; omi ló máa ń wọ́n.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Isako gbẹ ṣáájú kànga.

Diramu ìyá wa kò bi í ní ìbéèrè kan.
Ó fi èédú igi ẹlẹ́gùn-ún rin inú gọ́fà,
abọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi gbòǹgbò hun,
títí èéfín fi di òórùn dídùn níbẹ̀.
Ní ìdájí, ó gbé e lé e lọ́wọ́:
"Dìde. Dimtu ń dúró dè ọ́."

Báyìí la ṣe ń fún wàrà ràkúnmí:
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ìkejì ká kò bíi ti lékeléke,
abọ́ lórí itan,
ọmọ ràkúnmí lápá kan, ìwọ lápá kejì,
ẹ̀yin méjèèjì ń bẹ ìyá kan náà.
Dimtu mọ ọwọ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn.
Lọ́jọ́ kìíní, ó ta Isako nípàá.
Lọ́jọ́ kẹta, abọ́ kún dé ìdajì.
Ó mu ún. Ó fọwọ́ nu ìfófòó létè.
Kò sọ nǹkan kan.

Èmi ni sùúrù mi kò tó nǹkan.
Mo ní, "Màmá, wàrà yìí kò mà ṣiṣẹ́."
Ó ní, "Wàrà kì í ṣiṣẹ́ wàràwàrà."

Dókítà Halkano wá pẹ̀lú àpótí yìnyín
àti ìgò wẹ́wẹ́. Ọmọ Maikona ni,
ó kàwé títí irun fi fi orí rẹ̀ sílẹ̀.
Ó ní èròjà kan wà nínú wàrà
tí orúkọ rẹ̀ gùn bí okùn kànga;
òun ni ọpọlọ fi ń mọ ońṣẹ́ kan
tó máa ń sáré láti àgọ́ dé àgọ́ nínú orí ènìyàn:
"Òjò ti rọ̀ o! Òjò ti rọ̀!"
Mo ní, bí ońṣẹ́ bá sọnù lọ́nà ńkọ́?
Ó ní, nígbà náà, òjò lè rọ̀ títí ilẹ̀ á mọ́,
àgọ́ kejì kò ní gbọ́.

Mo yíjú wo Isako.
Àgọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n Halkano kì í purọ́.
"Eku inú àgò la fi ń dán an wò," ló wí,
"eku kò ṣọ́ ilé olówó lóru rí,
ìbọn kò dún létí rẹ̀. Mi ò lè búra.
Kó máa lo oògùn tí wọ́n fún un ní Marsabit,
kó sì máa mu wàrà rẹ̀ lọ.
Ọ̀kan kò lé èkejì jáde nílé."

Nítorí náà, mi ò mọ ohun tó wò ó,
bó bá jẹ́ pé ó ti wò.
Bóyá wàrà ni. Bóyá hóró funfun Marsabit ni.
Bóyá èémí Dimtu lọ́rùn rẹ̀, tó ń rùn bíi koríko kíkan.
Bóyá ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan
kò ráyè ro nǹkan méjì pọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìjì ń da eruku,
ó wọlé, ó tọ́ wàrà náà wò, ó gbé e fún mi.
Ó ní, "Ó níyọ̀."
Ìyá wa yíjú síbi iná
bí ẹni tí èéfín kó sí lójú.
Mo ní, "Ṣé ó pọ̀ jù ni?"
Isako ronú sí i. "Díẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ kejì, kò dìde.
Ọmọ ràkúnmí nìkan ló dá wàrà mu.
Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn,
ó ń wá gọ́fà kiri,
ó ń kùn pé ta ló gbé e kúrò níbi tí òun fi í sí.