Mẹ́fà Àbọ̀

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Epe ti ń palẹ̀ mọ́.
Atẹ́gùn ọ̀sà ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn páànù wọlé
sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tí mò ń ṣọ́ ní Pópó Òbà.
Tẹlifíṣàn mẹ́ta, ọ̀kan ti fọ́,
jẹnẹrétọ̀ ń hú bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú.

Bàbá Mùtáírù wọlé, òórùn epo ẹ́ńjìnnì lára rẹ̀,
ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe.
"Kúbúrátù, ìjà wo nìyẹn?"
"Bọ́ọ̀lù ni, bàbá. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà."
"Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń há sábẹ́ apá
bí ẹni tó jí adìyẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì àná:
Àwọn Àgbò, àmì ìyọkúrò, àádọ́jọ.
Àwọn Lékeléke, àmì ìròpọ̀, àádóje.
"Ẹni tí gbogbo ayé ní yóò borí ló ru àmì ìyọkúrò:
ẹ ó fi àádọ́jọ sílẹ̀ kí ẹ tó jèrè ọgọ́rùn-ún.
Ẹni tí wọn ò kà sí ló ni ìròpọ̀:
ẹ fi ọgọ́rùn-ún sílẹ̀; bó bá borí, èrè yín di àádóje."

"Ìyẹn náà lo ń pè ní nǹkan tuntun?
Ó dín, ó lé.
Eéjì dín lógún, ẹẹ́rin lé lógún:
bí ìyá mi ṣe ń ka ẹja nìyẹn
kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé."

Ó fi ìka kan mẹ́fà àbọ̀. "Èyí ńkọ́?"
Mo ní ó dà bí ìdíje ọkọ̀ wíwà àwọn ọmọdé,
tí wọ́n ní kí ọkọ̀ tó tín-ín-rín ti dé òpó kejì
kí ọkọ̀ alágbára tó fi àjẹ̀ bọ omi.
Mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n bù fún Lékeléke ṣáájú.
Àwọn Àgbò gbọ́dọ̀ fi méje borí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
"Ta ló wá ń gbá àbọ̀ wọlé?"
Kò sẹ́ni tó ń gbá a, bàbá.
Wọ́n fi síbẹ̀ kí ọ̀mì má baà wà ni.

Ó da nọ́ọ̀tì inú àpò rẹ̀ sórí káńtà,
mọ́kànlá síhìn-ín, mọ́kànlá sọ́hùn-ún.
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà náírà tèmi, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà ti ẹlòmíràn,
ó di ẹgbọ̀kànlá.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbọ̀kànlá lo ní ẹni tó bá jẹ yóò gbà.
Orúkọ iye náà ti jẹ́wọ́, Kúbúrà:
ọgọ́rùn-ún kan dín.
Ọwọ́ ta ló wà?"

Mo wo gílóòbù. Mo wo àga tí mo jókòó lé.
"Owó oṣù mi wà nínú rẹ̀," ni mo wí.

Síbẹ̀ ó sanwó. Lékeléke ló mú,
nítorí wọ́n máa ń bà sórí ọkọ̀ tó bá ń tún ṣe.

Àgbò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Lékeléke mọ́kànlélógún.
Wàsíù, tó fi owó púlọ́ọ̀gì ọ̀gá rẹ̀ ti àwọn Àgbò lẹ́yìn,
jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò wọlé, kò lọ.
"Ṣebí àwọn ló borí, ẹ̀gbọ́n? Ṣebí àwọn náà ló borí?"

Mo ka owó bàbá lé e lọ́wọ́. Kò yọ̀.
"Wọ́n pàdánù, mo sì jẹ."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mo du alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ rí. Ìbò mẹ́fà.
Ìbò mẹ́fà péré ni Ráímì fi là mí.
Níbo ni ìwọ àti àbọ̀ rẹ wà nígbà náà?"

Ó yọ ọgọ́rùn-ún kan, ó fi sábẹ́ gègé mi,
ó fa Wàsíù dìde, wọ́n jọ lọ sétí omi
lọ wo ẹ́ńjìnnì kan tó kọ̀ tí kò jí.